Ọjọ́ Tí Mo Sáré Lọ Gba Àjọ

Èmi ni mo tẹ̀ka. Kì í ṣe ọkọ mi, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná.

Agége ni ilé búrẹ́dì wa wà. Ọkọ mi ló ń po ìyẹ̀fun, èmi ni mo ń tà. Aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ìkẹjà lóṣooṣù, á gba ṣílè márùn-ún lọ́wọ́ mi nítorí ewu iná, á fàlà sí káàdì tí orúkọ mi wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ń gbowó, tó ń fàlà sí káàdì, kí ni ǹ bá tún pè é bí kò ṣe alájọ?

"Ìyá àwọn ọmọ, kì í ṣe àjọ o," ọkọ mi á máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, iná ràn mọ́ òrùlé, òrùlé sì wó lu ààrò. A kọ̀wé pé kí wọ́n wá san owó òfò wa. Wọ́n ní ká máa retí.

Ibi tí a ti ń retí ni mo ti gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ kógbá sílé. Ha! Alájọ fẹ́ sá, kí n jókòó? Ọkọ mi ti lọ sìnkú ní Ìjẹ̀bú. Mo gbé ìró mọ́dìí, ó di Ìkẹjà.

"Ẹ kó àjọ mi fún mi!"

Aṣojú náà ka pọ́n-ùn mẹ́ta sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n tẹ̀ka sísàlẹ̀ ìwé kan. Mo tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo ń fi télọ̀ àdúgbò wa, tí òun náà ń sanwó fún aṣojú yẹn, ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi. Iná ti jó ìsọ̀ tirẹ̀ náà, ó kàn jókòó ti ìwé adójútòfò rẹ̀, ó ń retí.

Àṣé ìjọba ti gba owó ìdógò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yẹn kó tó ṣílẹ̀kùn rárá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà wó, akọ̀wé ìjọba tó ń pín owó náà ní àwọn oníbàárà tí òfò ṣe ló ni ín, kò sí ẹlòmíràn tí ilé-iṣẹ́ náà jẹ ní gbèsè tó lè fọwọ́ kàn án. Télọ̀ gba tirẹ̀, ó kọ́ ìsọ̀. Nígbà tó kàn wá, akọ̀wé náà fi ìwé kan hàn wá.

"Ìyá, ẹ ti tẹ̀ka pé ẹ ò béèrè nǹkan kan mọ́."

Ọkọ mi wo àmì ìka dúdú náà títí. Kò bú mi. Ó wù mí kó bú mi! Lọ́jọ́ kejì, ó ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ abíyá, ó lọ tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì òdìkejì, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti po ìyẹ̀fun títí ó fi kú.