Ta Ló Jí Òórùn Yàrá Télọ̀?

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Imú-Ajá, nítorí kò sí ohun tí ìyá rẹ̀ lè gbé pamọ́ sínú ilé tí kò ní fi imú wá rí. Nígbà tó dàgbà, ó gbaṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ. Ọdún mọ́kànlá ló fi da òórùn òdòdó kan náà sínú ọṣẹ kan náà. Ọjọ́ tó sú u ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó gba yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó to ìgò kéékèèké sórí pákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í po lọ́fínńdà tirẹ̀.

Kì í ṣe èyí tó ń dùn bíi súìtì. "Ìyẹn ti kún ìgboro," ló máa ń wí. Òórùn tó ń wá ni èyí tí yóò dá ènìyàn dúró lójijì, tí yóò ní, "Mo mọ ibí yìí." Télọ̀ ni bàbá rẹ̀ kó tó kú, òórùn yàrá iṣẹ́ bàbá náà ló sì fi ọdún méjì gbáko wá: aṣọ tútù lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣọ́ọ̀kì. Á kán epo igi lẹ́ẹ̀mejì, á jáde lọ gba atẹ́gùn kí imú rẹ̀ lè sinmi, á padà wá gbóòórùn rẹ̀ lórí ìwé pélébé. Bí kò bá jọ ọ́, á dà á nù. Ìgbà kẹtàlélọ́gọ́ta ló tó rí i mú. Ó kọ ìwọ̀n ohun tó pò pọ̀ sínú ìwé kan, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń bá a fọ ìgò, nìkan ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Kò tíì fi lọ́fínńdà náà han ẹnikẹ́ni tó fi di àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń gun àtẹ̀gùn lọ, tí obìnrin kan tí kò mọ̀ rí gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Òórùn yàrá bàbá rẹ̀ ló ń jáde lára obìnrin náà. Imú-Ajá yíjú padà wò ó.

"Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani," ló wí sínú.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ àbúrò rẹ̀. Bó bá pẹ́ níta, Imú-Ajá á máa ro ẹni tó lọ bá. Bó bá tètè dé, á máa ro ohun tó ń sá fún. Lọ́jọ́ kan ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ọṣẹ ìfọgò ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kí lẹ ń wá?"

"Kò sí."

Ó wá dẹ pańpẹ́. Ó kọ ìwọ̀n irọ́ sí ojú ewé tuntun, ó fi ẹ̀kán mẹ́wàá epo tó ń rùn bí ọ̀dà sí i, kí òórùn náà lè tú olè fó. Ó fi fọ́nrán irun kan sáàárín ìwé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, irun náà ti já bọ́.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró nídìí àtẹ̀gùn títí obìnrin ọjọ́sí fi dé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ta lọ́fínńdà yín fún yín?"

Obìnrin náà gbóòórùn èjìká ara rẹ̀. "Lọ́fínńdà kẹ̀? Èmi kì í lò ó, ó máa ń mú mi sín ni. Télọ̀ ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá ìsàlẹ̀ yìí ni. Ẹ yà wò ó."

Ó ṣílẹ̀kùn. Ooru ń jáde lára ṣòkòtò tútù lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Imú-Ajá dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi lé sí i lójú. Ohun tó pò ti jọ ojúlówó débi pé ojúlówó gan-an ló pè ní olè.

Nígbà tó gòkè padà, ó ṣí ìwé náà. Àbúrò ti fi pẹ́ńsù kọ̀wé sábẹ́ ìwọ̀n irọ́ náà: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀kán mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Àbí ẹyọ kan lẹ fẹ́ kọ?"

Ó pè é, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Àbúrò rọra gbé ìgò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ ò bi mí."

"Ká ní mo bi ọ́ ni, mi ò ní gbà ọ́ gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló dun àbúrò jù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi yọjú. Nígbà tó padà, ó ní, "Ẹ máa mú kọ́kọ́rọ́ yín dání. Mi ò fẹ́ mọ ibi tó wà mọ́."

Lọ́fínńdà náà rí ojú rere àwọn oníbàárà. Imú-Ajá ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, òórùn ilé-ìwé lásìkò òjò, àbúrò ló sì kọ́kọ́ fún pé kó gbóòórùn rẹ̀.

"Kò tíì débẹ̀," ni àbúrò wí.

Imú-Ajá kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àbí ẹ̀san. Ó fa ìgò mìíràn sún mọ́ra, ó tún bẹ̀rẹ̀.