Fàòsíyà àti Ọkọ̀ Tí Kò Ní Ẹ́ńjìnnì

Fàòsíyà kì í ṣe ọmọ olómi. Ìtòkú ni wọ́n bí i sí, láàárín ìkòkò aró, níbi tí ọ̀kadà ti ń gba àárín ẹsẹ̀ ènìyàn kọjá. Ìgbà tó fẹ́ apẹja ló tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa níbí, létí adágún Ọ̀yán, kò sì pé oṣù mẹ́ta tó fi ń tukọ̀ ju ọkọ tó mú un wá lọ. Ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ni mò ń gbé. Ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Iṣẹ́ tó yàn láàyò ni kó máa gbé èrò sọdá sí oko àti ọjà òdìkejì. Nígbà tó wá di ọjọ́ kan, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ kú, ẹni tó ń tún un ṣe sì ní ó ti kọjá agbára òun. A rò pé yóò jókòó sílé. Kò jókòó. Ó rántí apẹja Ìlàjẹ kan tó wá dẹ àwọ̀n lọ́dọ̀ wa lọ́dún kan, tó ta ìgbòkun sórí ọkọ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gbé e kiri bí ẹní gbé ọmọ pọ̀n. Fàòsíyà gba Ìtòkú lọ, ó bẹ ìyá rẹ̀ kí ó fún òun ní aṣọ funfun tó fẹ́ rẹ láró, kí òun fi ṣe ìgbòkun. Ìyá rẹ̀ ní kò burú, àmọ́ kò sí bí aṣọ yóò ṣe kúrò nílé òun ní funfun gbòò bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé òkú ni wọ́n fẹ́ fi wé. Ó rẹ ẹ́ kó tó fún un. Báyìí ni ìgbòkun Fàòsíyà ṣe di aláró, tó ní òṣùpá roboto mẹ́ta láyà.

Lílọ kò ṣòro. Gígúnlẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ́ńjìnnì, bí o bá pa á, ariwo tán. Afẹ́fẹ́ kò ní ibi tí wọ́n ti ń pa á. Èbúté wa sì há. Ọkọ̀ méjìlá ni wọ́n so síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, àlàfo kan ṣoṣo ló wà láàárín ọkọ̀ Timothy àti ọkọ̀ Bàbá Sàlàhúdíìnì, kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ.

Bàbá Sàlàhúdíìnì yìí ni olórí èbúté. Wọ́n pe Fàòsíyà, wọ́n ní àwọn kò bá a ṣọ̀tá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò ní ohun tí yóò dá a dúró, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn. Kí ó mú un wọlé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ọjà, lójú gbogbo wa. Bí kò bá fara kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, kí ó máa gbé èrò rẹ̀ lọ. Bó bá fara kan ẹyọ kan péré, kí ó ká aṣọ rẹ̀. Fàòsíyà sì mọ̀ pé ọjọ́ tí òun bá ká a, ìdí ìkòkò aró ni òun ń padà sí, òun tí omi ti mọ́ lára.

Ọ̀sẹ̀ kan ló fi kọ́ ọ. Ó so kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì mọ́ òkúta, ó jù wọ́n sómi, ó pe ọ̀kan ní Timothy, ó pe èkejì ní Bàbá. Ó kọ lu Timothy títí kẹ́ẹ̀gì náà fi tẹ̀ wọnú. Níkẹyìn ó rí ọgbọ́n rẹ̀. Má sáré lọ bá èbúté tààrà. Gba ẹ̀gbẹ́ wá, bí ẹni tó ń kọjá lọ sí ibòmíràn. Tó bá ku díẹ̀, yí imú ọkọ̀ sí ilẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ àárọ̀ ti ń fẹ́ bọ̀. Ìgbòkun á máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá, agbára á tán lára rẹ̀, ọkọ̀ á wá fi ìwọ̀nba eré tó kù yọ́ wọlé. Ọwọ́ kan á wà lára okùn ìgbòkun, ọwọ́ kejì á wà lára àjẹ̀ ní ìdí ọkọ̀. Ọlọ́run ò dá ọwọ́ kẹta.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wá, ó yí imú ọkọ̀, ìgbòkun gbọ̀n, ọkọ̀ ń yọ́ bọ̀ wẹ́rẹ́. Inú Bàbá Sàlàhúdíìnì dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ, wọ́n sì gbàgbé ara wọn, wọ́n ké sí i:

“Fàòsíyà, o kú iṣẹ́ o.”

Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní Ìtòkú. Ṣé kí ó dúró ṣánṣán kí ó máa dá àgbà lóhùn ni? Ó fi okùn sílẹ̀, ó fi àjẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. “Ẹ ṣé o, bàbá. Ẹ kú ìdúró.” Kí ó tó sọ ọ́ tán, afẹ́fẹ́ ti gba imú ọkọ̀ yí. Gbàgà, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Timothy.

Timothy ní, “Ẹ wo ọkọ̀ tó ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó yà kí tèmi náà.”

Ariwo wá sọ. Àwọn kan ní ó ti kọ lu ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Èmi ní kò parí o, bí kò bá kúnlẹ̀, àwa yìí kan náà la ó jókòó síbí máa sọ pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

“Èmi ni mo kí i,” ni Bàbá Sàlàhúdíìnì wí. “Kí ó tún un ṣe ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ìyẹn ló kẹ́yìn.”

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì yìí, kí ó tó sún mọ́ wa rárá ló ti sọ ìgbòkun kalẹ̀ láàárín omi, ó kúnlẹ̀, ó ké sí wa:

“Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ọjà, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo ti kí yín tán o. Kí ẹnikẹ́ni má kí mi mọ́ títí n ó fi so ọkọ̀ mọ́lẹ̀.”

A rẹ́rìn-ín títí. Bàbá fi pákò dí ẹnu wọn. Èmi fi gèlè bo tèmi, nítorí mo mọ ara mi. Ó wá ta ìgbòkun sókè padà, ó ń bọ̀.

Ó ti yí imú ọkọ̀ tán nígbà tí ọ̀kadà kan já Ààfáà àgbà kan sílẹ̀ lẹ́yìn wa. Àjèjì ni, Ìbarà ló ti ń bọ̀, ó ń lọ sọ ọmọ lórúkọ ní òdìkejì. Kò mọ nǹkan kan. Ó rí obìnrin lójú omi, ó gbọ́wọ́ sókè sí i.

“Àsàláámù àláékùn, ọmọ mi.”

Mo rí i tí Fàòsíyà fẹ́ kúnlẹ̀. Sálámà kì í ṣe ohun tí Mùsùlùmí ń gbọ́ kó dákẹ́, àgàgà lẹ́nu àgbà. Ìka rẹ̀ ti ń tú lára okùn. Àmọ́ bí èrò bá pọ̀ níbì kan, tí ẹlòmíràn bá ti dáhùn, ó tó fún gbogbo wọn. Bàbá Sàlàhúdíìnì yọ pákò lẹ́nu, wọ́n ní, “Ẹ bá a jẹ́ sálámà náà.”

Gbogbo èbúté dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Wàáláékùmù sàláámù.” Ẹyẹ fò lórí igi. Àwa obìnrin kúnlẹ̀ fún Ààfáà lórí iyanrìn, tọmọdé tàgbà. Timothy, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀.

Fàòsíyà kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ọwọ́ rẹ̀ padà mú okùn. Ọkọ̀ yọ́ gba àárín ọkọ̀ méjèèjì, omi ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, imú rẹ̀ sì kan ilẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí ẹní. Ó bọ́ sílẹ̀, ó so ó mọ́ èèkàn. Bàbá Sàlàhúdíìnì fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Timothy láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ohun tó ha á.

“Ẹni tó bá ń sọdá,” ni wọ́n wí, “kó wọ ọkọ̀ ìyàwó wa.”

Fàòsíyà bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tí yóò ṣe. Timothy ń ha ẹrẹ̀ kúrò láyà rẹ̀, ó ní bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, òun gan-an lẹni tó gúnlẹ̀.

Ààfáà ló kọ́kọ́ wọlé. Èmi gbé àpò ìrẹsì Ọ̀fàdà mi tẹ̀ lé e. Títí a fi sọdá ni ó ń sọ ọ́ pé láti ọjọ́ tí òun ti dé ayé, òun kò tíì rí ibi tí gbogbo ìlú ti ń fi eékún jẹ́ sálámà. Ó ṣàdúrà fún wa, a ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó là á yé e. Nígbà tí a dé òdìkejì, ó kí àwọn tó wà níbẹ̀, ẹni méjì péré ló dáhùn láti orí ìjókòó. Ó wò wọ́n títí, ó mirí, ó ní kí wọ́n lọ kọ́ ẹ̀sìn lọ́dọ̀ wa.