Èémí Òwúrọ̀ Màmá Tísà

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní àdúgbò Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì, Màmá Tísà á ti gbé àga rẹ̀ sídìí fèrèsé. Monínúọlá Bámgbóyè ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó kọ́ ní Adó pọ̀ débi pé orúkọ iṣẹ́ ti bo orúkọ náà mọ́lẹ̀. Yóò gbàdúrà, yóò jókòó ṣánṣán, yóò pa ẹnu dé, yóò sì fa èémí gba imú wọlé títí ikùn yóò fi wú díẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò máa tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ tó sùn lẹ́yìn rẹ̀ jí. Nígbà mìíràn, á fi àtàǹpàkò dí ihò imú kan, á fi èkejì mí.

Fọláwùnmí, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ló kọ́ ọ. Oorun ti kọ̀ ọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Àyà rẹ̀ a sì máa lù kìkì lórí ìjókòó. Nọ́ọ̀sì ní yógà ni àwọn ará Íńdíà ń pè é, pé kò lè gba ipò oògùn, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ọkàn balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Màmá Tísà bẹ̀rẹ̀ sí í sùn wọra. Tó bá ń ti Ọjà Ọba bọ̀, kì í fọwọ́ ti ògiri sinmi mọ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ògiri ilé kò nípọn. Ìyá Pẹ̀lúmi, ayálégbé rẹ̀, ń gbọ́ "hùùù" láràárọ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá ń mí kanlẹ̀, ìbànújẹ́ ló ń bá jà? Ó rọra tẹ Olúfúnṣọ́, ọmọ Màmá Tísà, láago ní Ìbàdàn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo Màmá o. Ẹ̀dùn Bàbá ò tíì kúrò lára wọn."

Ní Sátidé, Olúfúnṣọ́ dé. Kò tíì jókòó tán tó fi ní, "Mọ̀ọ́mi, ẹ palẹ̀ ẹrù yín mọ́. Ìbàdàn là ń lọ. Ẹ ò ní dá gbé mọ́."

Màmá Tísà dìde dúró. Ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ fi owó oṣù kọ́, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, nìyí. Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, sàréè ọkọ rẹ̀, Adó ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí inú bá sì bí i, Èkìtì ló máa ń fọ̀.

"Ulé mi rèé! Kí ni mo ṣe?"

"Ìyá Pẹ̀lúmi ní ẹ ń mí ìmí ẹ̀dùn láràárọ̀."

Ìyá Pẹ̀lúmi sáré wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ má bínú. Ẹni tí ara rọ̀ kì í mí bẹ́ẹ̀ yẹn."

Ẹ̀rín pa Màmá Tísà. "Bí etí rẹ ṣe ń gbé nínú yàrá mi yìí, ó yẹ kó máa san owó ilé tirẹ̀ lọ́tọ̀!" Ó wá ṣàlàyé ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́ ọ fún wọn.

Olúfúnṣọ́ fajú ro. "Yógà? Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn àwọn kan nìyẹn?"

"Imú tí Ọlọ́run fi sí mi lójú ni mo ń lò. Jókòó síbí."

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ náà ni. Èjìká rẹ ti fẹ́ kan etí."

Ó jókòó, ó ń fi èjìká mí. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e níkùn, bí ìgbà tí inú rírun máa ń yọ ọ́ lẹ́nu ní kékeré. "Ibí ni kó dé. Má kánjú. Tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀." Nígbà tó yá, èjìká wálẹ̀. Nígbà tó tún yá, ó ń hanrun.

Ọ̀sán ti pọ́n kó tó jí. Ojú ń tì í díẹ̀. "Mọ̀ọ́mi, ó ti pẹ́ tí mo sùn báyìí kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́ fún mi: ẹ̀dùn Bàbá ńkọ́?"

Ìyá rẹ̀ fèsì: "Ó wà níbẹ̀. Ta ló ní kò sí? Ṣùgbọ́n ìmí ẹ̀dùn, ẹni tó ń mí i kì í mọ ìgbà tó jáde lára rẹ̀. Eléyìí, èmi ni mò ń fà á, èmi ni mò ń dá a padà. Ibi tí èmi àti bàbá rẹ jọ gbé ni ọkàn mi ti ń balẹ̀. Tí o bá mú mi kúrò níbí, ìgbà náà ni wàá gbọ́ ìmí ẹ̀dùn."

Olúfúnṣọ́ ní, "Mo ti gbọ́, Mọ̀ọ́mi." Ó dìde, ó lọ bá Ìyá Pẹ̀lúmi lẹ́yìnkùlé.

"Tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ 'hùùù' yẹn, ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ ọ ni kẹ́ ẹ pè mí."

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, òun nìkan ló wakọ̀ padà sí Ìbàdàn.