Bí Sàúdátù Ṣe Kó Àwọn Asáré Rẹ̀ Dé Ìlọrin

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí Sàúdátù Láwàlì sí. Ọkọ rẹ̀, Mùtíù, tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, ló mú un wá sí Ìfọ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, tí wọ́n gba yàrá nínú ilé kan lẹ́yìn ojú irin rélùwéè. Láyé ọ̀dọ́ Sàúdátù, ó sáré fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kí orúnkún tó dá a dúró. Nígbà tí kò lè sá mọ́, ó lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá. Nígbà tó yá, Yunifásítì Òkè-Ìmọ̀, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan lójú ọ̀nà Ìbógun, gbà á pé kó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré sísá. Kóòṣì ni gbogbo wọn ń pè é, àtọ̀gá àtakẹ́kọ̀ọ́.

Iṣẹ́ wà, pápá ni kò sí. Pápá kan ṣoṣo tí ilé ẹ̀kọ́ náà ní, àwọn agbábọ́ọ̀lù ló ń lò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Etí títì ni àwọn asáré Sàúdátù, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin, ti ń sá. Ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà á máa fọn fèrè mọ́ wọn, eruku á bò wọ́n, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á tún máa sá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kadà kan tó ń yà fún kòtò kọ lu Jésùlayọ̀mi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó já fáfá jù. Eegun èjìká rẹ̀ ṣẹ́. Sàúdátù gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì jókòó tì í títí ìyá rẹ̀ fi dé láti Akute. Ìyá náà ò bú u. Ó kàn wò ó, ó ní, "Mà, ṣé kò síbòmíì tí wọ́n lè máa sáré ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà Ògúnkànmí, tó jẹ́ alábòójútó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ránṣẹ́ pè é.

"Ẹ jókòó, Kóòṣì. Ẹ kú ìrọ́jú ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn."

"A dúpẹ́, sà. Wọ́n ní yóò san."

"Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sáré lójú títì mọ́. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé a ò lágbára pápá mìíràn. Bọ́ọ̀lù ní onígbọ̀wọ́, eré sísá ò ní. Ẹ jẹ́ ká fi eré sísá sílẹ̀ lọ́dún yìí."

"Ìdíje àwọn yunifásítì tó ń bọ̀ ní Ìlọrin ńkọ́, sà?"

"Kò sọ́kọ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù nìkan la máa lè kó lọ."

Sàúdátù ní, "Tí mo bá rí pápá, tí mo sì rí ọkọ̀ ńkọ́?"

Dókítà Ògúnkànmí rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni. "Tí ẹ bá rí méjèèjì, èmi fúnra mi ni màá fọwọ́ sí i."

"Mo ti gbọ́, sà," ni Sàúdátù wí, ó sì dìde.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ náà, téèyàn bá sọdá odò kékeré kan, ilẹ̀ gbalasa kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú ẹ̀gẹ́ orí rẹ̀ tán. Bàbá Ládélé ló ni ín, àgbà ìdílé kan tó ti ń dáko níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtikọ́ yunifásítì sí àdúgbò náà. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé bàbá náà ń bínú sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀, wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ fún àwọn ọmọ ibẹ̀, ẹnì kankan ò sì rí iṣẹ́ ọ̀hún. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ Sàúdátù ní kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Ó lọ.

Ó bá bàbá náà níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Yunifásítì ló rán ẹ?" ni bàbá bi í.

"Rárá o, bàbá. Wọn ò mọ̀ pé mo wá." Ó wá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Jésùlayọ̀mi, àti ohun tó ń wá.

Bàbá Ládélé gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Ta ló ń lé wọn tí wọ́n fi ń sáré?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé wọn, bàbá. Àwọn gan-an ló ń lé nǹkan."

Bàbá wò ó títí. "Kó wọn wá kí n rí wọn."

Ó kó wọn dé lọ́jọ́ kejì. Ilẹ̀ náà kún fún ebè, ṣùgbọ́n wọ́n sá a bẹ́ẹ̀. Ìníolúwa, ọmọ ìlú Lotto tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ti àgbọ̀nrín, fẹsẹ̀ kọ ebè, ó dojú bolẹ̀, ó fò dìde pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu, ó sì tún lé àwọn yòókù bá. Bàbá Ládélé rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ẹ tú ebè yẹn ká," ló wí. "Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti múlẹ̀, mo máa gbin àgbàdo mi o. Kó o sì gbọ́ ọ dáadáa: yunifásítì kọ́ ni mo yá nílẹ̀. Ìwọ ni mo yá."

Wọ́n fi ọkọ́ àti àdá tú ilẹ̀ náà. Àtẹ́lẹwọ́ wọn lé ròrò, wọ́n fi aṣọ wé e. Mùtíù kó irin géètì àtijọ́ jọ, ó jó o pọ̀ di ìdènà tí àwọn asáré ń fò kọjá. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ ti di pápá. Ó ṣe gbágungbàgun díẹ̀ lápá odò, àmọ́ kò sí ọ̀kadà tó lè dé ibẹ̀.

Ó wá ku ọkọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Bádéjọ, tó ní ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà ní Mowe, gbọ́ nípa wọn, ó sì wá wò wọ́n. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun yóò fún wọn ní ọkọ̀, aṣọ àti bàtà, kí wọ́n ṣáà gbé orúkọ omi òun sáyà. Àwọn ọmọ náà hó yèè. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú ayàwòrán wá. Bí wọ́n ṣe tò tán, ó pe Sàúdátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kóòṣì, ọmọ tó wé híjáàbù yẹn, kó ṣí i fún àwòrán yìí nìkan. Tí kò bá fẹ́, kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Ọ̀rọ̀ Fadilah ló ń sọ, ọmọ Ibafo kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ni wọ́n máa ń fi sí ìparí nínú rìléè, eré tí ẹni mẹ́rin ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn.

"Sà, òun ló ń bá wa parí eré," ni Sàúdátù wí. Ìbòrí wà lórí òun náà.

"Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ìpolówó ọjà ni."

"Tí kò bá sí nínú àwòrán, a ò ní yà á, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ rò pé eré ló ń ṣe. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe eré, ó wọ jíìpù rẹ̀, ó sì lọ. Bí ọkọ̀, aṣọ àti bàtà ṣe lọ nìyẹn.

Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà ń bínú, wọn ò lè sọ ọ́. Fadilah ló sọ̀rọ̀, omijé sì wà lójú rẹ̀.

"Ẹ ò bi mí, mà. Mi ò bá ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ni àwòrán? Ní báyìí, nítorí tèmi ni gbogbo wọn ò ṣe ní lọ."

Sàúdátù sún mọ́ ọn. "Òótọ́ ni, ó yẹ kí n bi ẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní mo bi ẹ́, o máa ní kò burú, torí o fẹ́ káwọn yòókù lọ. Èmi ni kóòṣì. Èmi ló yẹ kó sọ pé ó burú."

"Kí la máa wá wọ̀ lọ, mà?" ni Ìníolúwa bi í.

"Màá wá a."

Ó wá a lóòótọ́. Ó lọ bá àwọn onímọ́tò ní gáréèjì, ó lọ dúró lẹ́nu géètì olóṣèlú kan títí oòrùn fi wọ̀. Ó pe àwọn tó ti jáde nílé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn kan ní àwọn á pè é padà, wọn ò pè. Orúnkún rẹ̀ wú. Mùtíù fi omi gbígbóná jó o fún un, ó ní, "Ṣé o ò ní sinmi lọ́la?" Ó ní rárá.

Ibi tí kò fọkàn sí ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Stella, ìyá Ìníolúwa, tó ń ti Lotto lọ ta bàtà l'Ékòó lójoojúmọ́, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ó mú Sàúdátù lọ bá pásítọ̀ ìjọ rẹ̀.

Pásítọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, ó ní, "Ọkọ̀ ìjọ wa kì í ṣe nǹkan kan láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ gbé e. Dírẹ́bà wa á wà á."

"Mùsùlùmí ni mí o, sà," ni Sàúdátù wí, kí wọ́n má baà sọ pé òun tan wọ́n jẹ.

"Mo rí ìbòrí yín, mà. Ọkọ̀ náà ò ní bínú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín pọ̀. Stella ṣa bàtà eré sísá nínú ọjà rẹ̀, ó tọ́jú èyí tó bá ẹsẹ̀ kálukú mu. Àwọn ìyá yòókù dín àkàrà, wọ́n se ẹyin sínú kúlà. Dókítà Ògúnkànmí fọwọ́ sí ìrìn àjò náà bó ṣe ṣèlérí. Pásítọ̀ gbàdúrà fún wọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Sàúdátù àti Fadilah ṣe tiwọn nínú ọkọ̀, wọ́n sì gbéra.

Ìlọrin ò kọ́kọ́ dẹ̀ fún wọn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńláńlá wọ aṣọ kan náà látòkè délẹ̀. Aṣọ àwọn asáré Sàúdátù ò dọ́gba. Wọ́n já bọ́ nínú eré bíi mélòó kan. Wọ́n lé Ìníolúwa jáde nínú eré tirẹ̀ nítorí pé ó gbéra kí ìbọn tó dún. Ó sunkún. Sàúdátù jẹ́ kó sun ún tán, ó wá ní, "Rìléè ṣì kù. Lọ bọ́jú."

Nínú rìléè, Ìníolúwa ló sá ìpele kẹta. Ó gba ọ̀pá nígbà tí wọ́n wà lẹ́yìn pátápátá, ó sì fi ìbínú lé ẹni méjì kọjá. Fadilah gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Híjáàbù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí pinpin, ojú rẹ̀ ò kúrò níwájú. Ó ré ẹnì kan kọjá níbi kọ́nà, ó tún ré òmíràn kọjá nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n dé òpin. Wọ́n ṣe ipò kẹta. Dókítà Ògúnkànmí, tó bá àwọn agbábọ́ọ̀lù wá, tí àwọn yẹn sì ti já bọ́ nínú ìdíje, rọ̀ mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ń pariwo orúkọ Fadilah títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nígbà tí wọ́n padà dé, gíwá yunifásítì pe gbogbo èèyàn jọ, àwọn òbí náà wà níbẹ̀. Ó yin ilé ẹ̀kọ́ fún bó ṣe dúró ti àwọn asáré. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ fún Sàúdátù.

"Ẹ ṣé, sà," ni Sàúdátù wí, ó kúnlẹ̀, ó sì dìde. "Òjò ti ń múlẹ̀. Bàbá tó yá wa nílẹ̀ fẹ́ gbin àgbàdo. Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni ká ti máa sáré láti ọ̀la?"

Dókítà Ògúnkànmí ló kọ́kọ́ dìde. "Gíwá, èmi ni mo ní kí wọ́n fi eré sísá sílẹ̀. Ìbéèrè wọn tọ́."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, gíwá fúnra rẹ̀ lọ bá Bàbá Ládélé. Bàbá jẹ́ kó dúró díẹ̀ kó tó dá a lóhùn. Ó ní òun lè yọ̀ǹda ilẹ̀ náà, tí ilé ẹ̀kọ́ bá mú ìlérí iṣẹ́ tó ṣe nígbà kan ṣẹ. Wọ́n gba àwọn ọmọ ìdílé náà síṣẹ́, wọ́n rán katapílà wá tẹ́ ilẹ̀ náà, wọ́n sì fi eré sísá sínú ètò ìnáwó ọdọọdún. Ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un ò tíì tó ti bọ́ọ̀lù.

Sàúdátù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ṣì ń pààrọ̀ aṣọ nínú igbó. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé tó kọjá, kí akọ̀wé gíwá tó ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó bá Sàúdátù lórí bẹ́ǹṣì tó wà níta.

"Kóòṣì, kí ló tún dé?"

"Ilé ìwẹ̀ ni, mà," ni Sàúdátù wí. "Mo lè dúró."