Onídìrí Ìkòrò ní Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí orí obìnrin kan ní Ìkòrò-Èkìtì tí ọwọ́ Eunice Akínyẹmí kò tíì kàn. Ó ti di irun ìyàwó tuntun, ó ti di irun ìyá àgbà, ó sì ti di irun ọmọ iléèwé tó ń sunkún pé òòyà ń dun òun. Bí ó bá ti ń dìrí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa ń sọ pé ọwọ́ òun ló ń ṣiṣẹ́, kí ẹni tó jókòó máa fi ẹnu tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìlú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Nígbà tí à ń wí yìí, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Òǹdó ni gbogbo Èkìtì ṣì wà, yunifásítì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Adó ni. Ibẹ̀ ni Ẹ̀yínadé, àkọ́bí Eunice, ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́místírì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì sìn ín dé gáréèjì pẹ̀lú orin, àfi bí ẹni ń sin ìyàwó.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ọ́ kan, ọmọbìnrin kan báyìí yọ sí ẹnu ọ̀nà wọn, ó kúnlẹ̀, ó ní Rachael lorúkọ òun, ọmọ Ẹ̀fọ̀n, òun àti Ẹ̀yínadé ni wọ́n jọ wà ní yàrá kan náà.

Ó ní, “Mà, kò mọ̀ pé mo wá o. Kò jẹun mọ́, kì í sùn. Bó bá ṣí ìwé láàárọ̀, ojú ewé kan náà ló máa wà títí di alẹ́. Ìdánwò sì ti ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó mi láyà sókè.”

Ezekiel, bàbá Ẹ̀yínadé, dìde láti orí ìjókòó. Ó ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe ọmọ òun, kí wọ́n lọ pe wòlíì.

Eunice dá a lóhùn pé, “Bàbá Ẹ̀yínadé, a ó gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ojú ara mi rí ọmọ náà.”

Ezekiel kò jiyàn. Ó wọ àká lọ, ó ṣa iṣu tó dára jù síta fún ọmọ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Eunice àti Rachael wọ mọ́tò ní Ìjerò, wọ́n gba Àrámọ̀kọ kọjá, wọ́n fi dé Adó.

Ẹ̀yínadé wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí wọ́n wọlé. Ó ti gbẹ. Irun rẹ̀ rí bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde.

“Màmá, ta ló wá sọ fún yín?”

Eunice jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ lu itan ara rẹ̀. “Wá jókòó. N ò lè máa wo irun yìí bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀yínadé sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbà tó wà ní kékeré. Eunice fi òróró sí irun náà, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀.

“Màmá, ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ẹ̀rù kí ni, ọmọ mi?”

“Kí n má lọ fìdí rẹmi. Gbogbo Ìkòrò ló sìn mí dé gáréèjì. Bí mo bá ṣí ìwé, ojú wọn ni mò ń rí.”

Eunice rẹ́rìn-ín músẹ́. “Gbogbo Ìkòrò tí ò ń wí yẹn, kí mọ́tò yín tó dé Àrámọ̀kọ ni wọ́n ti gba oko lọ. Ó ku èmi àti bàbá rẹ. Àwa méjèèjì, ọmọ la bí, a kò bí sátífíkéètì.”

Ẹ̀yínadé bú sẹ́kún. Ó sunkún títí, lẹ́yìn náà ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀, ó sùn lọ fọnfọn, pẹ̀lú irun tí wọ́n di dé àbọ̀. Ẹsẹ̀ Eunice kú, kò mira. Rachael rí i bó ṣe ń fa ojú ro nítorí ẹsẹ̀ náà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Ẹ̀yínadé jí, ebi ń pa á. Rachael tan sítóòfù, wọ́n se iṣu. Òórùn rẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Eunice ní, “Ẹ wọlé, uṣu pọ̀.” Àwọn tí kì í ṣe ọmọ Èkìtì fi “uṣu” náà rẹ́rìn-ín títí, òun náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀kan nínú wọn rọra béèrè pé, “Mà, ṣé ẹ lè bá mi di tèmi?” Bí wọ́n ṣe tò dé ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Ẹni tó bá sì ti jókòó, kì í pẹ́ kó tó máa sọ̀rọ̀. Adéjọkẹ́, tí gbogbo wọn mọ̀ sí aláwàdà, ló sọ pé láti ìgbà tí bàbá òun ti kú lóṣù tó kọjá, òun kò tíì sọ fún ẹnì kankan níbẹ̀. Rachael ló kọ́kọ́ dìde tó dì mọ́ ọn, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Obìnrin tó ń bójú tó ilé náà, Arábìnrin Hannah, wá wo ẹni tó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ. Ó dúró, ó gbọ́ díẹ̀, ó bọ́ gèlè rẹ̀, ó sì jókòó sẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú wọn.

Eunice mọ ibi tí agbára òun mọ. Ní ọjọ́ Ajé, ó mú Ẹ̀yínadé àti Adéjọkẹ́ lọ bá nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn yunifásítì. Nọ́ọ̀sì náà farabalẹ̀ gbọ́ wọn, ó ní àárẹ̀ ọkàn kì í ṣe ìtìjú, kí wọ́n máa wá rí òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí Eunice tó lọ, ó fi àwọn ọmọ náà lé ara wọn lọ́wọ́, pé kí ẹnikẹ́ni má dá jẹun mọ́, àti pé bí ẹnì kan bá ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kí èkejì kàn án.

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Ẹ̀yínadé yege, àyàfi ẹ̀kọ́ kan tí yóò tún ṣe ìdánwò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ nílé. Ó rò pé bàbá òun yóò fajú ro.

Ezekiel ní, “Kò burú. Àgbàdo tí ẹyẹ bá hú, ṣebí à ń tún un gbìn ni.” Ó sì ní kó wá jẹun.

Láti ìgbà náà, bí ìdánwò bá ti ń súnmọ́, Eunice á di òòyà àti òwú rẹ̀ sínú báàgì, á gba Adó lọ. Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn dé lọ́dún náà, àwọn ọmọbìnrin mẹ́sàn-án ló bá Ẹ̀yínadé wá sí Ìkòrò, gbogbo wọn ti di ṣùkú. Adéjọkẹ́ ló ṣáájú wọn nínú ijó lọ síwájú pẹpẹ. Ezekiel jó tẹ̀lé wọn títí fìlà fi já bọ́ lórí rẹ̀, kò sì dúró mú un.