Òkúta Tí Mo Fi Ń Pa Ẹ̀kùrọ́

Òkúta náà dán bí ìgbà tí wọ́n fi òróró pa á, ẹnu rẹ̀ sì mú díẹ̀ bíi ti àáké. Inú ebè ni mo ti hú u ní oko ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, láàárín àwọn ọdún 1990. N kò ní dárúkọ ẹ̀gbọ́n náà, ó ṣì wà láàyè. Ó gba òkúta lọ́wọ́ mi, ó yí i wò, ó ní, "Ìyàwó, ẹdùn àrá nìyí o! Òkè ló ti já bọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa ní ìwé mẹ́fà ti sọ fún wa pé àáké àwọn ará ayé àtijọ́ ni, kí irin tó dé. Mo rò pé mo gbọ́n. Mo gbé e wá sí yàrá tí a háyà ní Òkè-Ogbó, mo ń fi í pa ẹ̀kùrọ́.

Kò pé oṣù méjì, àrá sán lu igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì pa ewúrẹ́ onílé. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Kí òjò tó dá, èrò ti kún àgbàlá, wọ́n ń wá olè tí Ṣàngó torí rẹ̀ jà nílé náà. Ẹnìkan rí òkúta lẹ́nu ọ̀nà mi, ó figbe ta: "Òun rèé! Iwájú yàrá rẹ̀ ni ẹdùn já sí! Kí lo jí?" Wọ́n wọ́ mi jáde, wọ́n fa bùbá mi ya. Ọkùnrin kan ti na igi sókè.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà láàárín wọn. Mo ké sí i: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn! Ìṣojú yín ni mo ti hú u!"

Ó wolẹ̀. "Èmi ò mọ nǹkan kan nípa òkúta."

Ìyá arúgbó oníṣàngó tí wọ́n ránṣẹ́ pè pé kó wá gbé ẹdùn náà ló gbà mí. Ó gbé òkúta sọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi èékánná ha á. "Ẹ̀yin aláriwo, èyí tó já bọ́ lónìí, ṣé ọ̀run ni wọ́n ti fi pa ẹ̀kùrọ́? Èèpo ẹ̀kùrọ́ nìyí lára rẹ̀. Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tú ká. Kò sẹ́ni tó kí mi kú ewu.

Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún. Mo ti dárí ji ẹni tó na igi, nítorí kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti darúgbó báyìí, ó máa ń ránṣẹ́ pé kí n wá kí òun. Mò ń se oúnjẹ ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n n kì í lọ. Inú ṣì ń bí mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mò ń retí lẹ́nu rẹ̀, pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí mo hú u, kò sì tíì fi í rán ẹnikẹ́ni sí mi.