Jíà Méjì, Àìsàn Kan Náà

Ó lé ní ọdún kan tí ìyàwó mi ti kú kí ìyá rẹ̀ tó gbà láti wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìkòròdú. Òun nìkan ló ń gbé ní Ẹ̀pẹ́, orúnkún kò sì jẹ́ kó lè gun bọ́ọ̀sì mọ́. Mo ní màá fi jíìpù wá gbé e ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Jíìpù náà ti kú sí mi lọ́wọ́ lẹ́bàá ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Jíà rẹ̀ jóná. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló fi okùn fà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mi ní Ìpakodò. Ó wá jíà tòkunbọ̀ mìíràn, ọtọmátíìkì bíi ti tẹ́lẹ̀, ó gbé e sí i.

Láàárọ̀ Jímọ̀ ó tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò mira. Ó wo ọ́ìlì: ó pé. Ó wo wáyà ọ̀pá jíà: kò já.

"Bàbá, òkú ni wọ́n tà fún wa."

"Òkú tí ìwọ fúnra rẹ lọ yàn?"

Ó fẹ́ tú u. Bó bá tú u, Jímọ̀ ti lọ nìyẹn.

Ìyá pè mí lórí fóònù. "Àna mi, orí ẹrù ni mo jókòó sí. Àwọn aládùúgbò ń bi mí bóyá bàálù ni mò ń retí. Bí òní bá kọjá, màá tú ẹrù yìí o, n kò sì ní dì í mọ́."

"Mò ń bọ̀, Ìyá."

Mẹkáníìkì pa ẹ́ńjìnnì, ó fi jíà sí pákì, tó yẹ kó di táyà mú, ó sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sẹ́yìn. Ó sáré fi òkúta há táyà.

Ohun kan náà ló ṣe ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí awakọ̀ akẹ́rù yẹn so okùn tán. Jíà tó jóná àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, báwo ni àìsàn wọn ṣe jẹ́ ọ̀kan?

Mo wọlé sínú ọkọ̀. Ọ̀pá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà, òun ló ń pín agbára fún táyà iwájú àti tẹ̀yìn. Ìyàwó mi ló fi òwú hun aṣọ fún un, aṣọ náà bò ó dé ìdí. Láti ìgbà tó ti lọ, n kò ṣí i. Mẹkáníìkì pẹ̀lú mọ ẹni tó hun ún, kò fọwọ́ kàn án.

Mo ká a sókè. Orí N ni ọ̀pá náà wà, níbi tí agbára kì í ti í dé táyà kankan. Awakọ̀ akẹ́rù tó fà wá ló ti i síbẹ̀ láti orí aṣọ kí táyà lè máa yí.

Mo dá a padà sípò. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo fi jíà sí D. Jíìpù rọra rìn, ó fi òkúta sílẹ̀ sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn ṣọ́ọ̀bù òdìkejì má gbọ́ o!"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, Ìyá ti wà nínú ọkọ̀, ẹrù rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ó rí aṣọ òwú náà, ó fọwọ́ pa á.

"Mo sọ fún un pé ó ti gùn jù."

"Ó gùn díẹ̀ lóòótọ́, Ìyá," ni mo wí, a sì forí lé Ìkòròdú.